Amẹ́yìndúró: Ẹran-Iṣan Inú Ẹ̀yìn Ìsàlẹ̀ àti Ìṣòro Orúkọ Rẹ̀ ní Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Orúkọ tí Yorùbá ní fún ìrora ẹ̀yìn kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn lè sọ pé lákúrègbé ni ó mú òun. Ẹlòmíràn a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹnì kẹta a di ẹ̀bi náà ru kíndìnrín. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè pé kí ni ó wà lábẹ́ awọ níbi tí wọ́n fọwọ́ lé, ìdáhùn kan ṣoṣo ni a máa ń gbọ́, èyí nì ni iṣan. Èdè tí ó lọ́rọ̀ tó báyìí nínú orúkọ àìsàn kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́rọ̀ nínú orúkọ ẹ̀yà ara tí àìsàn náà ń bá jà.

Àfojúsùn wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àlàyé ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà náà, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara ń pè ní multifidus ní èdè Látìn, kí a sì wá orúkọ tí ó yẹ ẹ́ ní èdè Yorùbá. A kò dáwọ́ lé e nítorí àtiṣe èdè lọ́ṣọ̀ọ́. A ó rí i níwájú pé ẹni tí kò ní orúkọ fún ẹ̀yà yìí lè gbà pé ara òun ti yá nígbà tí ara náà kò tíì yá.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sin àgbàlagbà obìnrin kan lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn tí dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, tí ó sì ti sọ tẹnu rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣe ògbufọ̀ yíjú sí i, ó ní, "Mama, dókítà ní iṣan ẹ̀yìn yín ni ó ti rọ̀. Ẹ ó máa ṣe eré ìdárayá kan tí a ó fi hàn yín." Mama dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹ̀yìn mi mọ́ ni?" Nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí yóò fi là á yé e. Nígbà tí a ń padà bọ̀, Mama ní kí a dúró ní ìsọ̀ olóògùn kan, ó sì ra oògùn ẹ̀jẹ̀. Eré ìdárayá tí wọ́n ní kí ó máa ṣe, kò ṣe é rárá, nítorí kò rí bí eré ìdárayá yóò ṣe dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú iṣan. N kò lè dá a lẹ́bi. Ìtumọ̀ tí ó fún ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà ní èdè Yorùbá.

Ẹrù tí ó pọ̀ jù fún ọ̀rọ̀ kan

Iṣan ni ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣan ni okùn líle tí ó so ẹran mọ́ eegun, irú èyí tí a ń fọwọ́ kàn lókè gìgísẹ̀. Iṣan ni okùn tí ń gbé ìròyìn láti ọpọlọ lọ sí ara àti láti ara padà sí ọpọlọ. Iṣan náà tún ni ẹran tí ń súnkì tí ó sì ń fa eegun. Nínú Bíbélì Yorùbá, iṣan ni a pe ohun tí ó wà ní itan Jékọ́bù, èyí tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kì í jẹ. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ kí a gbà pé ara ọ̀rọ̀-ìṣe ṣàn ni iṣan ti jáde, kí ó lè jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni ó kọ́kọ́ túmọ̀ sí. Ohùn ọ̀rọ̀ kò gbè wọ́n lẹ́yìn: ìṣàn ni ṣàn ń bí, kì í ṣe iṣan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àbùkù Yorùbá nìkan ni èyí. Àwọn Gíríkì àtijọ́ pẹ̀lú ń lo neuron fún okùn tí ó so ẹran mọ́ eegun. Ní ìlú Alẹkisáńdíríà, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, ni Herophilus àti Erasistratus tó fi òye ya okùn tí ń gbé ìròyìn sọ́tọ̀ kúrò lára okùn tí ń so ẹran, tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà sì wá di ti èkínní. Ọ̀bẹ ni ó kọ́kọ́ ya ẹ̀yà méjèèjì, kí èdè tó tẹ̀lé e.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ẹran-iṣan ni a ó máa pe ohun tí ń súnkì. Iṣan-ẹ̀jẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn tẹ́lẹ̀, a kò ní fọwọ́ kàn án. Iṣan-líle ni a ó pe okùn tí ó so ẹran-iṣan mọ́ eegun. Èyí tí ń gbé ìròyìn ni a ó mú kúrò lábẹ́ iṣan pátápátá, a ó pè é ní okùn-ìròyìn. A mọ̀ pé àwọn kan ń lo iṣan-ìmọ̀lára fún un, ṣùgbọ́n orúkọ náà sọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, nítorí okùn kan náà ni ó ń gbé ìmọ̀lára wá tí ó sì ń gbé àṣẹ lọ.

Àwọn alápatà ni wọ́n fún wa ní ìgboyà lórí ẹran-iṣan. Wọ́n ní orúkọ fún ẹ̀yà inú màlúù lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣàkì, fùkù, ẹ̀dọ̀, àbọ̀dí. Ṣùgbọ́n ohun tí ń súnkì, ẹran ni wọ́n ń pè é, wọn a sì fi ibi tí ó ti wá kún un: ẹran itan, ẹran àyà. Wọn kò jẹ́ pè é ní iṣan. Iṣan ni èyí tí ehín kò ràn, tí oníbàárà sì ń bá wọn jà lé lórí.

Ibi tí ó wà àti bí ó ti rí

Bí ènìyàn bá fi ìka tọ àárín ẹ̀yìn ara rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, yóò máa kan àwọn ṣóńṣó kan tí ó le. Ìrù eegun ọ̀pá-ẹ̀yìn ni wọ́n. Eegun márùn-ún ni ó wà ní ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, láàrin ibi tí eegun ìhà parí sí àti eegun onígun-mẹ́ta tí ó wà láàrin ìbàdí méjèèjì. Láàrin eegun kan àti èkejì ni tìmùtìmù rírọ̀ wà níwájú, oríkèé kékeré méjì sì wà lẹ́yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣóńṣó wọ̀nyí, lọ́tùn-ún àti lósì, ni kòtò gígùn kan wà. Ẹran-iṣan tí a ń sọ ni ó kún inú kòtò náà, ó lẹ̀ mọ́ eegun tímọ́tímọ́. Àwọn ẹran-iṣan gbọọrọ tí a ń rí lẹ́yìn alágbára nígbà tí ó bá gbé ẹrù wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lápá òde.

Kì í ṣe ẹyọ ẹran kan. Láti orí ṣóńṣó eegun kọ̀ọ̀kan ni ọ̀wọ́ fọ́nrán ti ń jáde, tí wọ́n ń dagun sísàlẹ̀ àti sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń so mọ́ kókó kékeré kan lára àwọn eegun ìsàlẹ̀. Ọmú ni a fi kókó náà wé, orúkọ Látìn rẹ̀ sì ti ibẹ̀ wá. Fọ́nrán tí ó kúrú jù lọ, tí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, fo eegun kan ó sì so mọ́ èkejì. Àwọn tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ nà dé eegun onígun-mẹ́ta àti ibi tí kòtò kékeré méjì máa ń hàn lókè ìdí. Kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èyí han ọmọ kíláàsì rẹ̀ mú imọ̀ ọ̀pẹ kan, kí ó dorí rẹ̀ kodò. Igi àárín rẹ̀ ni ìlà àwọn ṣóńṣó, ewé tí ń dagun sísàlẹ̀ lọ́tùn-ún lósì sì ni fọ́nrán. Àfiwé yìí kù síbì kan: ewé ọ̀pẹ kì í gun orí ara wọn, ṣùgbọ́n fọ́nrán wọ̀nyí ń gun ara wọn bí koríko tí a fi bo òrùlé.

Ohun kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì fún oníṣègùn. Gbogbo fọ́nrán tí ó bá jáde láti ara ṣóńṣó eegun kan, okùn-ìròyìn kan ṣoṣo ni ó ń fún wọn ní àṣẹ, bí ó ti wù kí wọ́n nà jìnnà tó. Nítorí náà, bí okùn yẹn bá farapa, ọ̀wọ́ ti eegun kan yóò dákẹ́ nígbà tí ti eegun òkè àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀

Ọjọ́ pẹ́ tí ìwé ń kọ́ni pé yíyí ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì ni iṣẹ́ ẹran-iṣan yìí, nítorí pé fọ́nrán rẹ̀ dagun. Ní 1986, Macintosh àti Bogduk ní Ọsirélíà wọn ibi tí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kọjú sí, wọ́n sì fi hàn pé ipa rẹ̀ nínú yíyí ẹ̀yìn kéré. Ohun tí ó ń ṣe ní pàtàkì ni pé ó ń fa ṣóńṣó eegun sísàlẹ̀, kí eegun náà má baà dojú dé síwájú. Ní 2009, Ward àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi kún un. Wọ́n rí i pé fọ́nrán rẹ̀ kúrú ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ gan-an lójú kan, tí ó fi jẹ́ pé agbára tí ó lè mú jáde pọ̀ ju ti ẹran-iṣan ẹ̀yìn mìíràn lọ, bí kò tilẹ̀ lè fa eegun rìn jìnnà. Wọ́n tún rí i pé agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i bí ènìyàn ti ń tẹ̀ síwájú, èyí tí ó jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni a nílò rẹ̀.

Ẹ wo àgọ́ tí a ń ta níbi ìnáwó. Òpó kò lè dá dúró, okùn tí a so mọ́ èèkàn yí i ká ni ó ń mú un dúró. Kì í ṣe iṣẹ́ okùn láti gbé òpó rìn. Bí ọ̀kan nínú àwọn okùn náà bá dẹ̀, àgọ́ lè má wó lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, òpó á máa mì.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti fi ọkọ́ ro oko rí yóò béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí a bá fẹ́ nàró ni ẹ̀yìn máa ń gáni, tí kì í ṣe ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀. Floyd àti Silver tọ́ka sí nǹkan kan ní 1955 tí ó lè ràn wá lọ́wọ́: nígbà tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ tán pátápátá, àwọn ẹran-iṣan ẹ̀yìn a dákẹ́, àwọn ìdè tí ó so eegun mọ́ eegun ni yóò wá máa ru ẹrù náà. Nígbà tí a bá ń dìde, ẹran-iṣan gbọ́dọ̀ gba ẹrù padà lọ́wọ́ wọn. Lójú tèmi, ìgbà ìgbaṣẹ́ yìí ni ẹran-iṣan tí kò jí pépé máa ń tú ara rẹ̀ fó.

Nígbà tí ìrora bá lọ tí àìsàn kò lọ

Ní 2020, iye àwọn tí ìrora ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń bá jà ní gbogbo ayé tó nǹkan bí mílíọ̀nù 619. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù, kò sí ohun kan pàtó tí dókítà lè tọ́ka sí pé òun ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ní 1994, Julie Hides àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Queensland ní Ọsirélíà lo irú ẹ̀rọ tí a fi ń wo oyún, èyí tí àwọn aboyún ń pè ní sìkáànù, láti wo ẹ̀yìn àwọn ènìyàn 26 tí ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dùn. Wọ́n rí i pé multifidus ti joro ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ń dùn, ní eegun kan ṣoṣo lára ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ìyàtọ̀ láàrin ọ̀tún àti òsì sì tó nǹkan bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára àwọn tí ara wọn dá, ìyàtọ̀ náà kò ju nǹkan bí ìdá 3 lọ.

Èyí tí ó wá jẹ wá lógún jù ni ti 1996. Àwọn olùwádìí náà pín àwọn aláìsàn 39 sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba ìtọ́jú tí dókítà máa ń fúnni. Apá kejì gba ìtọ́jú kan náà, wọ́n sì tún kọ́ bí a ti ń jí ẹran-iṣan yìí. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìrora ti lọ lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú apá méjèèjì. Ẹni tí ó bá ń fi ìrora díwọ̀n ìlera yóò sọ pé wọ́n rí ìwòsàn kan náà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ẹran-iṣan àwọn apá èkínní kò tíì padà bọ̀ sípò. Nígbà tí wọ́n tún bi wọ́n ní ọdún kan lẹ́yìn náà, ìrora ti padà tọ ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún apá èkínní wá, ó sì padà tọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún apá kejì.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Ènìyàn 39 kò pọ̀. Àwọn tí wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ lábẹ́ àjọ Cochrane ní 2016 sọ pé, fún ìrora ẹ̀yìn tí ó ti pẹ́ lára, ó ṣeé ṣe kí irú eré ìdárayá yìí má sàn ju eré ìdárayá mìíràn lọ. A kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà, pé ẹran-iṣan kan ṣoṣo ni ìdí gbogbo ìrora ẹ̀yìn. Ohun tí a lè dúró lé ni pé ẹran-iṣan yìí lè joro, kí ọ̀rá sì rọ́pò rẹ̀ bí ọjọ́ bá ti pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni òpin ìrora kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti bọ̀ sípò.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó kan eegun. Ní 1968, Leon Wiltse ní Amẹ́ríkà ṣe àpèjúwe ọ̀nà kan tí a fi ń gba àárín ẹran-iṣan wọlé dípò kí a ha á kúrò lára eegun. Ní 2020, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń rì sínú ara láti máa ta okùn-ìròyìn rẹ̀ jí, fún àwọn tí ìtọ́jú mìíràn kò ràn lọ́wọ́. Fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn wa, bí ó ti wù kí ó rí, ọwọ́ oníṣègùn àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ìtọ́jú tí ó wà nítòsí. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, tí abẹ́ rẹ̀ sì kú tipiri, tàbí tí kò lè tọ̀, tàbí tí ibà àti rírù bá a rìn, kí ó má dúró de eré ìdárayá kankan. Kí ó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà.

Orúkọ wo ni kí a sọ ọ́?

Ní 1895, àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara fi ẹnu kò ní ìlú Basel. Orúkọ nǹkan bí 50,000 ni ó wà nínú ìwé nígbà náà. Wọ́n dín wọn kù sí nǹkan bí 5,500. Ọ̀kan nínú òfin wọn ni pé àmì ìrántí lásán ni orúkọ, kò di dandan kí ó ṣe àpèjúwe ohunkóhun. Òfin ọlọgbọ́n ni. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé e yóò ní kí a ya ọ̀rọ̀ Látìn náà wọlé, kí a kọ ọ́ ní mọ́títífídọ́ọ̀sì, kí a sì sinmi.

A kò fara mọ́ èyí. Àmì ìrántí wúlò fún ẹni tí ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ rántí. Mama tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè kò tíì mọ̀ ọ́n; orúkọ náà ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 fi hàn nínú ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ pé a lè fi ohun tí ó wà nínú Yorùbá dá ọ̀rọ̀ tí yóò dúró, kí a tó sá tọ àyálò lọ.

Bí a bá fẹ́ tú Látìn náà gan-an, ohun tí a là sí ọ̀nà púpọ̀ ni ó túmọ̀ sí. Ẹlẹ́ka-púpọ̀ yóò bá a mu, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún aláìsàn ju bí Látìn ti sọ lọ, igi pẹ̀lú sì ní ẹ̀ka púpọ̀. Mo gbìyànjú àfiwé: ẹran-iṣan onímọ̀-ọ̀pẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo fi hàn béèrè bóyá ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó kàwé nípa igi ọ̀pẹ ni. Ibẹ̀ ni mo ti pa á tì.

Ó kù kí a pè é ní orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Ewu tí ó wà níbẹ̀ kò farasin: bí a bá ti sọ ọ́ lórúkọ ní 1970, yíyí ẹ̀yìn ni à bá fi sọ ọ́, a ò bá sì ti ṣì í. Síbẹ̀ amẹ́yìndúró ni mo fara mọ́, èyí tí a ṣẹ̀dá láti ara àfòmọ́ a- àti àpólà mú ẹ̀yìn dúró. Ìwádìí ọ̀nà méjì tí kò fara jọ ara wọn ti gbè é lẹ́yìn, èyí tí ó dá lórí ibi tí fọ́nrán kọjú sí àti èyí tí ó dá lórí gígùn fọ́nrán. Aláìsàn fúnra rẹ̀ sì lè fi ọwọ́ dán an wò. Bí ó bá dùbúlẹ̀ tí ó dojú bolẹ̀, tí oníṣègùn fi ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó eegun, tí ó sì ní kí ó rọra mú ibẹ̀ le láìgbé ẹ̀yìn rárá, yóò mọ̀ ọ́n bí ó bá wú sókè lábẹ́ ìka, yóò sì mọ̀ ọ́n bí kò bá dáhùn.

Àtakò kan wà tí ó tọ́ kí a dáhùn. Àwọn ẹran-iṣan gbọọrọ pẹ̀lú ń mú ẹ̀yìn dúró, èéṣe tí a kò fi pè wọ́n bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ tiwọn ni láti na ẹ̀yìn. Anẹ̀yìn ni a ó pè wọ́n, kí a sì fi amẹ́yìndúró sílẹ̀ fún èyí tí ń di eegun mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti jíjoro, kí a má ṣe lo rírọ̀ mọ́. Nǹkan rírọ̀ lè dára, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò gbọ́ ohùn ọ̀rọ̀ dáadáa lè ro arọ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yóò wá lọ báyìí: "Mama, ẹran-iṣan kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn yín, amẹ́yìndúró ni orúkọ rẹ̀. Tiyín ti joro lápá òsì. Bí ìrora bá tilẹ̀ lọ, ẹ má dáwọ́ eré ìdárayá yìí dúró títí a ó fi rí i pé ó ti kún padà."

Mo ti gbé gbólóhùn yìí fún àgbàlagbà bíi mélòó kan gbọ́. Kò sí èyí tí ó béèrè ẹ̀jẹ̀ nínú wọn. Ọ̀kan béèrè pé, "Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé temi ti dìde?"

Lábẹ́ amẹ́yìndúró ni àwọn ẹran-iṣan kéékèèké mìíràn wà, láàrin ṣóńṣó kan àti èkejì àti láàrin eegun méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn. Agbára wọn kò tó nǹkan, àwọn onímọ̀ kan sì gbà pé ìròyìn ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí ọpọlọ nípa bí eegun ti ń rìn, pé fífa eegun kọ́ ni iṣẹ́ wọn. N kò tíì rí orúkọ tí ó tẹ́ mi lọ́rùn fún wọn. Bí iṣẹ́ ìròyìn náà bá fìdí múlẹ̀, aṣọ́ríkèé lè jẹ́ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀. Àbá àwọn òǹkàwé ni a ń retí lórí rẹ̀.